Ọ̀gá Tó Sọ "Ẹ Kú Ewu" Di Èèwọ̀

Ọ̀pọ̀ agbéraga ni mo ti rí nílẹ̀ Rẹ́mọ. Mo ti rí ti Ṣàgámù, mo ti rí ti Ìkẹ́nnẹ́, mo tiẹ̀ ti rí èyí tó ń wọ ọ̀kadà lójoojúmọ́ tó ní dandan ni kí ọlọ́kadà máa pe òun ní Olóyè. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí ẹni tó ń fọn fèrè kó tó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àfi Ọ̀gá Dúrótìmí Àjàyí. Bó bá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, fùùù! Ó ní kí ewu tó bá wà nínú ibẹ̀ lè gbọ́ pé òun ń bọ̀, kó tètè sá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í, kí ni ewu ń wá nílé ìgbọ̀nsẹ̀?

Ogijo ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, ní Ilé-Iṣẹ́ Irin Ọ̀pọ̀múléró, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù, tí wọ́n ń sọ ọ́ di rọ́ọ̀dù ìkọ́lé. Òun ni ọ̀gá tó yẹ kó máa rí sí i pé ohunkóhun ò ṣe àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀gá Séfítì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kéré lójú rẹ̀. Ohun tó ní kí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ni "Alákòóso Àgbà fún Ààbò, Olùdíwọ̀n Agbára, Adájọ́ Gbogbo Ìṣẹ̀lẹ̀." Ilẹ̀kùn ò gbà á tán. "Ìṣẹ̀lẹ̀" bọ́ sára ògiri.

Láràárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí àgbàlá. Tawfiq, akọ̀wé rẹ̀, á gbé akoto funfun jáde lórí tìmùtìmù pupa, á máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ọ̀gá á tẹrí ba, Tawfiq á dé akoto náà fún un. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá á wá na ọwọ́ sókè.

"Ààbò!"

"Ó dé!" ni àwọn òṣìṣẹ́ á dáhùn.

"Ewu ńkọ́?"

"Ó ti sá!"

"Ta ló lé e?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

Bí ẹnì kan bá pẹ́ dáhùn, a jẹ́ pé wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí "Ààbò". Lọ́jọ́ tí òtútù mú ọkùnrin kan tó ń wúkọ́, wọ́n tún un ṣe títí irin tó ti yọ́ nínú ìléru fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ọ̀gá ò bìkítà. Ó ní irin lè dúró, ṣùgbọ́n iyì ò ṣeé dá dúró.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn o, ó kàwé. Ilé-iṣẹ́ rán an lọ sí Èkó láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ààbò. Olùkọ́ wọn níbẹ̀ ṣàlàyé pé gbogbo ohun tó bá ń rọ̀ lókè, tó ń hó, tó ń yí, tàbí tí wọ́n fà le, agbára ló lúgọ sínú rẹ̀. Bí agbára bẹ́ẹ̀ bá jábọ́ tí kò ba ẹnikẹ́ni, ẹ má kàn jó. Ẹ bi ara yín pé ká ní ó ba èèyàn ńkọ́? Bó bá jẹ́ ohun tí ì bá pa èèyàn ni, ẹ kà á mọ́ ohun tó ń pa èèyàn, kí ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọdé gan-an á lóye rẹ̀. Ọ̀gá Dúrótìmí gba ìwé ẹ̀rí, ó gbé e kọ́ sára ògiri, ó ní kí wọ́n tan iná sí i lórí. Ìwé ẹ̀rí nìkan ló gbé wálé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ wà ní Èkó títí dòní.

Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà, Màdáámù Kòfowórọlá, opó àgbàlagbà tó ń gbé ní Ìkẹ́nnẹ́, fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ fún òun pé àlàáfíà ni. Ọdọọdún ló ń fún ọ̀gá tí ẹ̀ka rẹ̀ bá rójú jù ní àmì ẹ̀yẹ níwájú àwọn àlejò pàtàkì. Ọ̀gá Dúrótìmí wá ronú, ó ní bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá dín kù, iyì òun á pọ̀ sí i. Àti dín ìṣẹ̀lẹ̀ kù nira, nítorí ó gba kéèyàn tún nǹkan ṣe. Àti yí orúkọ rẹ̀ padà ò nira rárá.

Bó ṣe dá ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ nìyẹn. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀pọ̀múléró, ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọ̀kan nínú wọn. Èkíní ni Àfọwọ́fà, ìyẹn ni pé ìwọ lo fà á fúnra rẹ. Èkejì ni Iṣẹ́ Ayé, ìyẹn ni pé àwọn ará ilé rẹ ló ń bá ọ jà. Ẹ̀kẹta ni Àmúwá Ọlọ́run, kò sì sẹ́ni tó lè bá Ọlọ́run wíjọ́. Ẹ bá mi wá èyí tó kan ilé-iṣẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wá a dáadáa o, èmi ti wá a tì.

Nígbà tí páìpù omi gbígbóná bẹ́, tó bó Sùmáyà lápá, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń fi omi rẹ irin gbígbóná, Ọ̀gá pe ìgbẹ́jọ́. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Sùmáyà, níbo lo dúró sí?"

"Ibi iṣẹ́ mi ni, sà."

"Páìpù wà níbẹ̀ àbí kò sí níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Ta ló kọ́kọ́ débẹ̀, ìwọ tàbí páìpù?"

Ọmọbìnrin náà wo apá rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó wo Ọ̀gá. "Páìpù ni, sà."

"Ó parí! Ìwọ lo lọ bá a. Àfọwọ́fà!"

Tawfiq pàtẹ́wọ́. "Ọgbọ́n rèé! Ànábì Sulaimọ́nù ì bá wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, sà!"

"Má sọ bẹ́ẹ̀, Tawfiq," ni Ọ̀gá wí, ó ń fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Ká kàn ní ì bá wá gba ìmọ̀ràn."

Nígbà tí bẹ́líìtì já, tó na ọkùnrin kan lójú, Ọ̀gá bi í bóyá ìyàwó bàbá rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá ò jẹ́ kó sọ gbólóhùn kejì. Ó ní Iṣẹ́ Ayé ni, kó lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀ parí ìjà.

Kireenì ló wá bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an. Ẹ̀rọ ńlá yìí ló ń gbé ìdì rọ́ọ̀dù sókè, tó ń gbé e káàkiri inú gbọ̀ngàn. Bíréèkì rẹ̀ ti jẹ tán. Ṣẹ̀rífù tó ń wà á mọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ mọ̀, ìyá tó ń gbé oúnjẹ wá sí géètì gan-an mọ̀. Bí ẹ bá gbé ẹrù sókè, tí ẹ ní kó dúró, á dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n á máa rọra yọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé.

Lìádì ló máa ń dúró nísàlẹ̀, tó ń fi okùn darí ẹrù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìdì rọ́ọ̀dù kan tó wúwo ju bọ́ọ̀sì akérò lọ ń rọ̀ lókè orí rẹ̀. Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀, tó ń gbálẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan náà, ké sí i pé fóònù rẹ̀ ń dún, kó wá gbé e. Lìádì kúrò níbẹ̀. Bó ṣe na ọwọ́ gba fóònù báyìí, gbòà! Ilẹ̀ mì. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ibi tí Lìádì dúró sí tẹ́lẹ̀ ti di kòtò.

Ariwo ta. Iṣẹ́ dúró. Gbogbo èèyàn sáré wá bá Lìádì, wọ́n ń dì mọ́ ọn. "Ẹ kú ewu o! Ewu iná kì í pa àwòdì! Ọlọ́run ò ní í jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́!" Hàbíbátù ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ń kí òun náà. Bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa nìyẹn. Bí ikú bá kọjá lára ẹnì kan, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó dá nìkan dúró pẹ̀lú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ kí i.

Ní ọjọ́ kejì, Hàbíbátù din àkàrà sàráà wá sẹ́nu géètì. Ẹni tó bá ń wọlé á gbà, á ṣàdúrà, á kọjá. Ọkọ̀ Ọ̀gá wá dé.

"Kí lẹ̀ ń pín?"

"Àkàrà sàráà ni, sà," ni Hàbíbátù wí, ó kúnlẹ̀. "Ẹ gba tiyín, kí ẹ bá wa dúpẹ́."

"Ọpẹ́ kí ni?"

"Ti ewu tó fo ọkọ mi dá lánàá, sà."

Ọ̀gá yọ fèrè, ó fọn ọ́n mọ́ obìnrin náà lójú. "Ewu? Nínú ilé-iṣẹ́ tí èmi wà? Ṣé o mọ̀ pé Màdáámù ń bọ̀ láti wá fún mi ní àmì ẹ̀yẹ Aláìléwu? Tí àwọn àlejò bá wá wọlé, tí wọ́n ń gbọ́ 'ẹ kú ewu' níhìn-ín, 'ẹ kú ewu' lọ́hùn-ún, kí ni wọ́n á rò?"

Kó tó di ọ̀sán, òfin ti jáde. Tawfiq ló dúró lórí bẹ́ǹṣì tó ń kéde rẹ̀. Láti òní lọ, èèwọ̀ ni "ẹ kú ewu" ní Ọ̀pọ̀múléró. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá sọ ọ́, ilé ni ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀, "ẹ kú ààbò" ni kó sọ. Ọ̀gá sì gba gbogbo àkàrà náà, ó ní ẹ̀rí ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rí ti tán, epo rẹ̀ ló kù lórí irùngbọ̀n adájọ́.

Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ àkàrà lè pa wá lẹ́rìn-ín. Èyí tó bí mi nínú ni ohun tó tẹ̀ lé e. Lìádì àti Ṣẹ̀rífù lọ bẹ Ọ̀gá pé kó jẹ́ kí wọ́n dá kireenì dúró, kí wọ́n wá mẹkáníìkì tó máa pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀.

"Lìádì, ṣé o kú?" ni Ọ̀gá bi í.

"Rárá, sà."

"Ṣé o fara pa?"

"Rárá, sà. Orí ló yọ mí."

"Mi ò bi ọ́ nípa orí. Irin yẹn, ara èèyàn ló bọ́ lù ni, àbí ilẹ̀?"

"Ilẹ̀ ni, sà."

"Irin àti ilẹ̀ ló jọ ní ọ̀rọ̀ nígbà náà. Kí ló kan ìwọ níbẹ̀?" Ó yíjú sí Tawfiq. "Kọ ọ́ sí ọ̀nà tuntun. Pè é ní Kò-Kan-Ẹnikẹ́ni."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni Ṣẹ̀rífù wí, "ẹ̀rọ yẹn á tún yọ̀ o. Ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ á kú."

"Tí mo bá dá kireenì dúró, Màdáámù á béèrè ìdí. Tó bá béèrè ìdí, àmì ẹ̀yẹ ti lọ nìyẹn. Lẹ́yìn àmì ẹ̀yẹ, a ó wò ó." Ó nawọ́ sí fèrèsé. "Lìádì, wo àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu géètì. Tí o kò bá fẹ́ dúró lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fẹ́."

Lìádì padà sábẹ́ kireenì. Kí ni kó ṣe? Ilé ń jẹun. Láti ọjọ́ náà, bí kireenì bá ti dún, Hàbíbátù á dá ìgbálẹ̀ dúró, á gbójú sókè, á máa wo ìdì irin títí yóò fi kọjá lórí ọkọ rẹ̀. Ó sọ fún Sùmáyà pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní òun ò fẹ́ di opó. Ẹ̀yin tó ń kàwé yìí, ẹ fi í sọ́kàn pé obìnrin kan wà tó ń ka irin lórí ọkọ rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí kí ẹnì kan lè gba ife ẹ̀yẹ.

Ọjọ́ àmì ẹ̀yẹ ń sún mọ́lé, Ọ̀gá ní kí wọ́n wá dán ètò náà wò. Ó ní kí wọ́n kan pèpéle sínú gbọ̀ngàn, ó sì ra àga aláwọ pupa kan láti Ṣàgámù, irú èyí tí ọba ń jókòó lé. Ibo lẹ rò pé ó gbé àga náà sí? Abẹ́ kireenì gan-an! Ó ní ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára. Ó tún ní kí wọ́n gbé ìdì rọ́ọ̀dù kan kọ́ sókè orí òun, kí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, kí àwọn àlejò lè rí i pé irin pàápàá ń bọ̀wọ̀ fún òun.

"Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ẹ má jókòó síbẹ̀," ni Ṣẹ̀rífù ké láti òkè.

"Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀? Awakọ̀? Èmi tí mo díwọ̀n agbára ní Èkó!" Ó jókòó, ó tan ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì! Agbára oríṣiríṣi ló wà láyé. Agbára iná wà, agbára ooru wà, agbára ohun tó ń rọ̀ lókè wà. Ṣùgbọ́n kí ni gbogbo wọn níwájú agbára ọpọlọ? Kí n tó dé Ọ̀pọ̀múléró, irin ń ṣe bó ṣe fẹ́. Ní báyìí, bí mo bá wò ó, á dákẹ́!"

"Ọ̀gá," ni Tawfiq wí, ó ń fi fóònù gba fídíò, "ojú yín ò yọ dáadáa. Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀ kí oòrùn lè mú yín."

Ọ̀gá ò lè gbọ́ irú èyí kó má dìde. Ó bọ́ akoto rẹ̀ sórí àga kó lè ya irun. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó yọ ìyarun, ó kọjú sí oòrùn, ó rẹ́rìn-ín.

Gbòà!

Pèpéle fọ́ yángá. Àga ọba wọlẹ̀. Akoto funfun tó ń gun tìmùtìmù láràárọ̀ di pẹlẹbẹ bí èèpo ọsàn. Ọ̀gá ńkọ́? Ó ti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin ló sá wọ̀, kò sì fọn fèrè kankan.

Ó jáde wá. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró tò, wọ́n ń wò ó.

"Ṣé ẹ... ṣé ẹ rí i?" ni Ọ̀gá wí.

"A rí i, sà," ni Tawfiq dáhùn. "Ẹ kú ààbò, sà."

Ṣẹ̀rífù sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ kú ààbò, sà."

"Ẹ kú ààbò, Ọ̀gá," ni Sùmáyà wí, pẹ̀lú apá rẹ̀ tó ti ní àpá.

Wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu wọn ò yàtọ̀. Ọ̀gá ń wo ojú wọn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Hàbíbátù tiẹ̀ la ẹnu, àánú ṣe é. Ó rántí òfin, ó pa á dé.

"Ọ̀nà wo ni kí n kọ ọ́ sí, sà?" ni Tawfiq béèrè.

Ọ̀gá wo àga tó ti wọlẹ̀. Ó rántí ife ẹ̀yẹ. Ó fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti ẹ̀fọn dáhùn pé, "Kò-Kan-Ẹnikẹ́ni." Ẹ sì gbọ́ èyí o, kí inú lè bí yín bó ṣe bí èmi: lẹ́sẹ̀ kan náà ló ní kí Lìádì lọ so ìdì irin náà, kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lọ dúró sí ẹ̀bá géètì, ọ̀ọ́kán réré, títí wọ́n fi ṣe tán. Lìádì ṣe é. Hàbíbátù bo ojú.

Ọ̀gá lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Ìlárá. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Nígbà tí ìyá fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó jẹ́wọ́.

"Yéè! Ọmọ mi!" Màmá dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì. "Ta ló ti wá kí ọ?"

"Kò sẹ́ni, Màmá."

"Kò sẹ́ni? Níbi iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tó rí i lójú ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni, mà."

"Háà! Ṣé olè lo jà níbẹ̀ ni?" Ìyá arúgbó náà gbá orí rẹ̀ mọ́ àyà. "Kú ewu, ọkọ mi. Kú ewu o. Ewu iná kì í pa àwòdì."

Ọ̀gá Dúrótìmí bú sẹ́kún. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá fi ìwé kíkọ sílẹ̀, kí n ṣàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí olè kó ni lẹ́rù lọ ni, nítorí náà ìdúpẹ́ gbọ́dọ̀ wáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ó kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ránṣẹ́ pe gbogbo ìyá ìjọ tó mọ̀, títí kan ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan ní Ìkẹ́nnẹ́, Màdáámù Kòfowórọlá.

Ọlọ́gbọ́n ì bá dúpẹ́ ní jẹ́jẹ́. Ọ̀gá Dúrótìmí ní kí wọ́n ta àtíbàbà, kí wọ́n pe akọrin láti Ṣàgámù. Ó pàṣẹ pé gbogbo òṣìṣẹ́, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, gbọ́dọ̀ wọ bọ́ọ̀sì wá. Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì tó rí Màdáámù níjòókòó iwájú, ṣé ó sá? Orí rẹ̀ wú ni! Ó rò pé ìyìn ló bá òun wá. Wọ́n pè é láti jẹ́rìí, ó gba maíkì. Maíkì lọ́wọ́ ọkùnrin yìí!

"Ẹ yin Olúwa! Irin tó fẹ́ já lé mi lórí, ó tó ọkọ̀ tírélà!"

"Halelúyà!"

"Tírélà kẹ̀? Ó tó ilé alájà méjì!"

"Halelúyà!"

Halelúyà ń dùn mọ́ ọn. Ó bọ́ sáàárín ọ̀nà, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń wá ohun tó máa mú ariwo náà pọ̀ sí i, ó sì rí i.

"Ẹ má rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni o! Ọlọ́run mi kì í ṣe Ọlọ́run ẹ̀ẹ̀kan! Kireenì yẹn ti já ẹrù sílẹ̀ rí, ibi tí Lìádì dúró sí gan-an! Lìádì, dìde, kí wọ́n rí ọ! Ó tún ti yọ̀ ṣáájú ìyẹn! Bíréèkì rẹ̀ ti kú tipẹ́, èmi fúnra mi mọ̀ pé ó ti kú, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dúró lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ Ọlọ́run ò jẹ́ kó pa ẹnikẹ́ni!"

"Halelúyà!" ni gbogbo ìjọ ké. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́. Ó rọra dìde níjòókòó iwájú, ó gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó bọ́ sọ́nà.

"Dúrótìmí," ni Màdáámù wí, "ilé-iṣẹ́ mi lò ń sọ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀... bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí lo sọ fún mi pé ó ṣẹlẹ̀?"

Tawfiq, tó ti mọ́ ọn lára láti máa ran ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́, fò dìde. "Kò-Kan-Ẹnikẹ́ni, mà!"

Màdáámù mi orí. "Ó dáa. Lọ́la, ìwọ ni kí o dúró lábẹ́ kireenì yẹn dípò Lìádì. Màá wá wò ó."

"Háà! Màdáámù! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Maíkì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo Ìlárá ló gbọ́. "Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Màdáámù wò ó lójú. "Lìádì ńkọ́?"

Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sí, Hàbíbátù ti ń sunkún kíkankíkan, gbogbo ẹkún tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí.

"Èmi náà jẹ̀bi," ni ìyá àgbà náà wí. "Àlàáfíà ni mo fẹ́ máa gbọ́, mi ò béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wa kireenì dà? Ti ẹ̀rọ yẹn pa. Kò gbọdọ̀ gbé abẹ́rẹ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe tán. Dúrótìmí, wá kó ẹrù rẹ lọ́la." Ó rìn títí dé ọ̀dọ̀ Lìádì, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Kú ewu, ọmọ mi. Kú ewu o."

Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ó dà bí ìgbà tí ìdérí fò lórí ìkòkò. "Ẹ kú ewu! Ẹ kú ewu o!" Àwọn òṣìṣẹ́ ń kí ara wọn, wọ́n ń kí Sùmáyà, wọ́n ń kí ọkùnrin tí bẹ́líìtì na lójú, gbogbo ewu tí wọn ò kí láti ọjọ́ tí òfin ti jáde ni wọ́n kí tán lọ́jọ́ náà. Àwọn akọrin tí Ọ̀gá háyà ò mọ orin tó yẹ kí wọ́n kọ mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá wá kó ẹrù rẹ̀. Kò dé akoto, Tawfiq sì ti lọ gbé tìmùtìmù fún ẹlòmíì. Hàbíbátù wà lẹ́nu géètì, ó ń pín àkàrà. Ó fi ìwé wé méjì, ó nà án sí i. "Ẹ kú ewu, sà," ló wí, ó sì kí i dénú. Ọ̀gá gbà á. Ó wo àwọn tó dúró yí i ká, ó ń wá ẹni tó máa bá a kẹ́dùn.

"Sùmáyà," ló wí, "ṣé o rí ohun tí wọ́n ṣe fún mi?"

Sùmáyà gbé àkàrà tirẹ̀ mì tán. Ó fi apá tó ti bó nu ẹnu.

"Ọ̀gá, ta ló kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin tàbí maíkì?"

Ọ̀gá rò ó. "Maíkì ni."

"Ó parí," ni Sùmáyà wí. "Ẹ̀yin lẹ lọ bá a. Àfọwọ́fà."